Iṣẹ́ Ìlọrin, iṣẹ́ Ìsin: Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí àìríṣẹ́ṣe ṣe yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, lójú ọ̀nà yunifásítì. À ń tẹ̀wé, à ń ṣe fọ́tókọ́pì, à ń bá èèyàn fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n CV ló ń mówó wọlé jù. Bí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ báyìí, kí n tó dé láàárọ̀, wọ́n á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ọmọ Ìgbàjà, ọmọ Ìlọ́fà, ọmọ Ṣàárẹ́. Bí wọ́n bá ń dúró kí iná dé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń bá mi sọ kò ju ti iṣẹ́ lọ, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ni mo kà. Ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí.

Ta ni wọ́n ń pè ní aláìríṣẹ́ gan-an?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó sílé. Lójú àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, aláìríṣẹ́ ni ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò ṣe iṣẹ́ owó kankan ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀, ì báà ṣe fún wákàtí kan péré, tó ti wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá pè é.

Ẹ jẹ́ ká mú agbo ilé kan. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gboyè jáde, ó ń kọ lẹ́tà káàkiri: aláìríṣẹ́ nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e náà ti kọ lẹ́tà títí, ó sú u, ó ṣíwọ́. Wọn ò ka ìyẹn mọ́ aláìríṣẹ́, wọn ò sì kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Ó ti jáde nínú ìṣirò pátápátá. Àbíkẹ́yìn ń bá ìyá wọn ta gaàrí fún wákàtí méjì lọ́jọ́ ọjà. Òṣìṣẹ́ nìyẹn. Torí náà, èèyàn méjì péré ni wọ́n máa kà nínú agbo ilé yẹn, ẹnì kan ni kò níṣẹ́, àìríṣẹ́ṣe ibẹ̀ sì jẹ́ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí iṣẹ́ kan bá jáde lọ́la, tí èyí tó ti sú tún gbé bírò, àìríṣẹ́ṣe agbo ilé náà á fò sókè sí ìdá 66.7. Bẹ́ẹ̀ wọn ò lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Ìrètí ló wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú àti ìlú.

Ní 2020 wọ́n ní àìríṣẹ́ṣe Nàìjíríà jẹ́ ìdá 33.3, ní 2023 wọ́n ní ìdá 4.1. Ṣé iṣẹ́ rọ̀ bí òjò ni?

Rárá o. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Títí di ìparí 2020, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni lójú ìjọba. Ẹni tó bá ṣe 20 sí 39, wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ kò kún ọwọ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2023, NBS gba ìlànà àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́: wákàtí kan ti tó láti sọ èèyàn di òṣìṣẹ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi múdù wọn ẹ̀wà lánàá, tó wá fi kóńgò wọn ọ́n lónìí. Ẹ̀wà náà ṣì ni.

Èmi ò bá wọn bínú lórí ìlànà tuntun yẹn, òun náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi 33.3 ta ko 4.1 lórí rédíò bí ẹni pé ohun kan náà ni. Ẹ wo iye mìíràn tó jáde pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà 2024, àìríṣẹ́ṣe jẹ́ ìdá 4.3. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ìdá 85.6 ló jẹ́ pé ara wọn ni ọ̀gá ara wọn, ìdá 93 sì ń ṣe iṣẹ́ tí kò ní ìwé àdéhùn, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Nílẹ̀ tí ìjọba kì í ti í fún aláìríṣẹ́ lówó oúnjẹ, ta ló fẹ́ jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó máa wáṣẹ́ láìta nǹkan kan, láìgun ọ̀kadà, láìbá èèyàn rokò?

Ṣé ìyàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ pọ̀?

Ó pọ̀ gan-an. Nínú ìṣirò ìparí 2020 yẹn, nígbà tí òṣùwọ̀n àtijọ́ ṣì wà, Ímò ló wà lókè pátápátá pẹ̀lú ìdá 56.6. Adamawa tẹ̀ lé e pẹ̀lú 54.9, Cross River ní 53.7. Ọ̀ṣun ló wà nísàlẹ̀ jù, ìdá 11.7.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ká kó lọ sí Ọ̀ṣun nìyẹn. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn ọmọ Ọ̀ṣun tó kún Èkó àti Ìbàdàn ìdí tí wọ́n fi kúrò nílé. Iye tó kéré lè túmọ̀ sí pé iṣẹ́ wà. Ó sì lè túmọ̀ sí pé àwọn tó ń wá a ti lọ.

Èló ni ti ìjọba ìbílẹ̀ tiwa? Mo wá a lórí Google, mi ò rí i.

Ẹ ò lè rí i, torí NBS kì í gbé ti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde nínú ìwádìí òṣìṣẹ́ yẹn. Ìdí rẹ̀ kò le. Ilé 35,520 ni wọ́n ń bẹ̀ wò láàárín ọdún kan jákèjádò Nàìjíríà. Ẹ pín in sí ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, ilé 960 ló kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kwara ní ìjọba ìbílẹ̀ 16. Bí wọ́n bá pín ilé náà ní dọ́gbadọ́gba, 60 ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, ìyẹn ilé 15 láàárín oṣù mẹ́ta.

Ká wá ní wọ́n lọ sí Ìsin, ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ka èèyàn 59,738 níbẹ̀ ní 2006. Wọ́n kan ilẹ̀kùn 15. Ká ní wọ́n bá èèyàn 30 níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́, ẹnì kan ní òun ò níṣẹ́. Ìdá 3.3 nìyẹn. Bí àbúrò ẹni yẹn bá dé láti Èkó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí òun náà ń wáṣẹ́, ó ti di èèyàn méjì nínú 31, ìdá 6.5. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì! Kò sí onímọ̀ ìṣirò tó bẹ̀rù Ọlọ́run tó máa fọwọ́ sí irú iye bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni pé ìkànìyàn tó gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà ni ti 2006. Wọ́n fẹ́ ṣe òmíràn ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Iye èèyàn tó wà ní Kwara ní 2006 jẹ́ 2,365,353. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń bá wa wáṣẹ́ báyìí.

Kwara kan náà ni gbogbo wa. Kí ló dé tí iṣẹ́ fi wà níbì kan tí kò sí níbòmíràn?

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí owó oṣù ti ń jáde. Láti 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ni Ìlọrin ti jẹ́ olú-ìlú. Sẹkitéríàtì ibẹ̀ ni, ilé-ìwòsàn ńlá ibẹ̀ ni, báńkì ibẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ kan tó ń gba owó oṣù kì í dá a jẹ. Alásè ń jẹ níbẹ̀, aránṣọ ń jẹ níbẹ̀, ọlọ́kadà ń jẹ níbẹ̀, òǹtajà Ọjà Ọba náà ń jẹ níbẹ̀. Nílùú tí òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ kò ju tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ kánsù lọ, bí owó oṣù bá pẹ́ lọ́sẹ̀ méjì, gbogbo ọjà ló máa mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́. Èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí èyí. Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní 1975, Tánkẹ̀ sì di ìlú nítorí rẹ̀. Pólì ìjọba àpapọ̀ dé Ọ̀fà ní 1992. Yunifásítì ìpínlẹ̀ dé Málété ní 2009, Yunifásítì Landmark dé Ọ̀mù-Àrán ní 2011. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, ilé gbígbà dé, ìyá oníndomíè dé, oní-POS dé, èmi náà dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ wá, ó máa bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU ní 2022 tó gba oṣù mẹ́jọ, mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́sàn-án, n óò gbá a, n óò nu ẹ̀rọ, n óò jókòó. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ojú ìwé mẹ́rin ni mo tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá ẹlẹ́wà tó wà níwájú mi kó ìkòkò rẹ̀ lọ sí Gàá Àkánbí, kò sì padà mọ́. Wọn ò lé wa lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń fún wa níṣẹ́ ló lọ sílé.

Ọ̀nà náà tún wà ńbẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà létí ọ̀nà ńlá ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ọkọ̀ á wá bá a. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ní Èkìtì Kwara, ọkọ̀ tó máa gbé iṣu rẹ̀ jáde á gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè. Iṣu kan náà, ebè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni iṣẹ́, èkejì ni oúnjẹ ilé. Mi ò sì ṣeré níbi oúnjẹ ilé yẹn o. Nínú ìlànà tuntun, ẹni tó ń dáko tó jẹ́ pé ẹnu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ, wọn kì í kà á mọ́ ẹni tó níṣẹ́ owó, bó ti wù kó làágùn tó.

Ti ààbò ló kù, ẹnu mi sì wúwo láti sọ ọ́. Nílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì Kwara, àwọn ajínigbé ti mú kí oko tó jìnnà di ohun àwòpadà. Ẹni tó ní éékà mẹ́wàá ń ro méjì tó wà lẹ́yìn ilé. Èyí tó kù di igbó. Ìwádìí á ṣì kà á mọ́ àgbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ńlá ńkọ́? Bí wọ́n bá lè gbé ọ̀kan wá síbí, ṣé kò tán?

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí àríwá Kwara díẹ̀. Ní Bacita, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu, ilé-iṣẹ́ ṣúgà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Ní Jẹ́bà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe pépà wà níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ń ti Ìgbómìnà àti Ọ̀fà lọ síṣẹ́ níbẹ̀. Ilé òṣìṣẹ́, ilé-ìwé, pápá bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ gbé kalẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ló pàdánù. Ẹni tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì pàdánù, onílé pàdánù, awakọ̀ pàdánù. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kú ní Ìlọrin, òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè rìn dé òmíràn, torí ibẹ̀ ní ọṣẹ, oògùn, irin àti fúláwà. Nílùú tó gbára lé ẹyọ kan, ibo ló fẹ́ rìn lọ?

Torí náà, bí ẹ bá bi mí, mo fẹ́ kí ìlú mi ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké mẹ́wàá tó ń rọ́ gaàrí, tó ń fọ́ kajú, tó ń ṣe òrí, ju ẹyọ ńlá kan tí gómìnà máa wá ṣí lọ. Ìwé ìròyìn kò ní ya fọ́tò rẹ̀, mo mọ̀.

Kí ló dé tí àìríṣẹ́ṣe fi ń pọ̀ nílùú ńlá ju abúlé lọ? Ṣé kì í ṣe ìlú ńlá ni iṣẹ́ wà ni?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Nínú ìṣirò àárín 2024 yẹn, àìríṣẹ́ṣe nílùú jẹ́ ìdá 5.2. Ní ìgbèríko, ó jẹ́ 2.8.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọkùnrin kan láti Ìsánlú-Ìsin. Nílé, ó ń bá bàbá rẹ̀ ṣa kajú, wọ́n ń tà á fún oníbàárà tó ń gbé ọkọ̀ wá. Òṣìṣẹ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sọ̀ ní Ọ̀fà Gárééjì, ó wá bá mi ní Tánkẹ̀ pé kí n tẹ CV fún òun. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sígbà náà, ó ti di aláìríṣẹ́ Ìlọrin. Ìsin dín ẹnì kan kù. Ìlọrin lé ẹnì kan. Ní gbogbo Nàìjíríà, owó ọkọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Bí ẹ bá ń wá àìríṣẹ́ṣe Ìsin, ẹ má wulẹ̀ lọ síbẹ̀: ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń dúró kí iná dé.

Ṣé ọmọ náà gọ̀ ni? Ní 1970, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, John Harris àti Michael Todaro, ṣàlàyé pé kò gọ̀. Ká ní ọmọ yìí ń rí 40,000 náírà lóṣù nílé. Ká ní iṣẹ́ Ìlọrin ń san 100,000, ṣùgbọ́n nínú ẹni méjì tó ń wá a, ẹnì kan ló máa rí i. Ìdajì 100,000 jẹ́ 50,000. Ó ju 40,000 lọ. Lójú rẹ̀, ìrìn náà mọ́gbọ́n dání, kódà bó bá mọ̀ pé òun lè má rí i. Ibi tó wá burú sí ni pé bí ìjọba bá dá iṣẹ́ 1,000 sílẹ̀ ní Ìlọrin, tí ìròyìn rẹ̀ sì dé Òkè-Ẹ̀rọ̀, ẹni 2,000 lè wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, aláìríṣẹ́ náà pọ̀ sí i. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀, iye CV tí mò ń tẹ̀ ni mo fi mọ̀.

Ṣé ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ní ọwọ́ nínú rẹ̀?

Ó ní. Lásìkò kajú, láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, kò sọ́dọ̀ọ́ tó jókòó ní abúlé wa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá wa iṣu tán, oko sinmi, wọ́n á sì wá ṣe lébìrà ní Ìlọrin, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn onílé ń kọ́lé. Nílùú, kí Iléyá tó dé, ẹ wá aránṣọ kan fún mi ní Ìlọrin tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ka aláìríṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oṣù tó mú ló máa pinnu ohun tó máa rí.

Bí iṣẹ́ kò bá sí nílùú wa, kí ló dé tí gbogbo èèyàn ò kàn kó lọ síbi tó wà?

Onílé Ìlọrin ń béèrè owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tó wá san ti éjẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ǹtì. Ẹni tó ń gba 70,000, iye owó oṣù tó kéré jù tí òfin 2024 là kalẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rí i? Nílé, ilé bàbá rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ilé olójúlé méjìlá tí ẹ ń rí ní Ọ̀fà àti nílẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn tó ti Ghana bọ̀ ló kọ́ ọ, àwọn tí ìjọba Busia ní kí wọ́n máa lọ ní ìparí 1969. Ilé náà tóbi, kò séèyàn nínú rẹ̀, kò sì ṣeé gbé sórí bọ́ọ̀sì.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ọmọ Kwara tó lọ wá iṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í kì í ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ti ìyá ńkọ́? Obìnrin kan wà tí mo tẹ CV fún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó níṣẹ́ tí wọ́n pè é sí ní Àbújá. Kò lọ. Ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀rín-Ilé kò ríran dáadáa mọ́, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó wà nítòsí. Kò sí ìwé ìṣirò tó ní àyè fún ìyẹn.

Ọmọ mi gboyè, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ló ń fún un lówó. Ṣé ìwé ò wúlò mọ́ ni?

Ìwé wúlò, ìyá. Ibi tí ìwé ti ń rí iṣẹ́ ló kéré. Ẹni tó kàwé ń dúró de irú iṣẹ́ kan pàtó, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì kó jọ sí Ìlọrin, Àbújá àti Èkó. Oníwẹ́dà lè ṣí ṣọ́ọ̀bù síbi tí géètì bá wà. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2024, àìríṣẹ́ṣe láàárín àwọn tó ní ìwé lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì jẹ́ ìdá 9.0, tí àpapọ̀ orílẹ̀-èdè sì jẹ́ 5.3. Ẹ tún rántí àbúrò: ó lè jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ló níṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kò kàn sọ fún yín ni.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lókè òkun?

Bẹ́ẹ̀ ni. Jámánì di ọ̀kan ní 1990, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà, àìríṣẹ́ṣe ní ìlà-oòrùn ṣì tó ìlọ́po méjì ti ìwọ̀-oòrùn, torí àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ibẹ̀ ti kógbá sílé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti ṣí lọ. Ní Ítálì, Calabria ní gúúsù máa ń kọjá ìdá 10 nígbà tí Bolzano ní àríwá kì í tó 5. Ní Amẹ́ríkà, Imperial County ní California, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ létí ẹnubodè Mẹ́síkò, máa ń wà lára àwọn tó ga jù lọ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ oko ibẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀ bíi kajú wa.

Ohun tí mo ń jowú lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà ni pé wọ́n ń gbé iye jáde lóṣooṣù fún káńtì, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, tó lé ní 3,000. Ilé tó tó 60,000 ni wọ́n ń bi léèrè lóṣù kan, wọ́n sì ń pa á pọ̀ mọ́ ìwé àwọn tó ń gba owó àìríṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ á sáré lọ forúkọ sílẹ̀, torí owó wà níbẹ̀. Níbí, kí lèèyàn fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún?

Bí kò bá sí iye, báwo ni mo ṣe lè mọ bí àdúgbò mi ṣe rí?

Lọ sí oríta tí àwọn lébìrà ti ń dúró de káńtírátà láago méje àárọ̀. Kà wọ́n. Padà láago mẹ́wàá, kí o ka àwọn tó kù pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Àwọn tó kù yẹn ni ìdáhùn rẹ. Ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, má ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èkejì, béèrè owó àgbàṣe ọjọ́ kan, kí o fi wé ti ìlú kejì. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, David Blanchflower àti Andrew Oswald, wo ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n rí i pé níbi tí àìríṣẹ́ṣe bá ti di ìlọ́po méjì ti ibòmíràn, owó iṣẹ́ ibẹ̀ máa ń relẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ mọ̀ pé ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ.

Ní ìgbèríko, mo máa ń ka oní-POS àti ọlọ́kadà tó wà láàárín ọjà sí ilé wa. Bí wọ́n bá pọ̀ ju oníbàárà lọ, iṣẹ́ mìíràn ni kò sí. Kí o sì ka yàrá tó wà ní títì nínú agbo ilé yín.

Ṣé kánsù lè ṣe nǹkan kan?

Ọ̀nà oko, ìyẹn ló yá jù. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ lọ bá alága yín, ẹ bi í léèrè gírédà.

Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín yìí ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pe tèmi?

Ọmọ tó ń bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù ló bi mí, bó ṣe ń tẹ ìwé yìí lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọn ò san owó fún, láti 2013 ni ìlànà àgbáyé kò ti kà á mọ́ iṣẹ́ owó mọ́. Mo bi í bóyá ó ń wáṣẹ́. Ó ní òun fi CV ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní, "Aláìríṣẹ́ ni ọ́ nìyẹn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 5,000 tí ẹ fún mi ní Sátidé lórí ìwé ìpàdé ẹbí Alájì yẹn ńkọ́? Wákàtí mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Háà, òṣìṣẹ́ ni ọ́ o."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé báyìí, ó wá na ọwọ́ sí mi pé kí n fún òun lówó ọkọ̀ tòní.